Bí a ṣe ń ya síkáàn 3D àgbọ̀n ìsàlẹ̀ kó péye, àti bí a ṣe ń dán an wò

Ẹ gbé síkánà sẹ́nu aláìsàn, ẹ yà á tán, eyín mẹ́rìnlá tò lójú kọ̀ǹpútà bí ìlẹ̀kẹ̀, àwọ̀ èrìgì hàn kedere, kò sí ibi kankan tó lu. Nígbà tí afárá eyín, ìyẹn eyín àtọwọ́dá tó so mọ́ra, tí wọ́n fi síkáàn náà ṣe dé, ó jókòó pẹ́ẹ́ lápá ọ̀tún, ó sì léfòó lápá òsì. Ẹ tẹ òsì mọ́lẹ̀, ọ̀tún gbéra. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé ẹni tó ṣe é ló bà á jẹ́. Èmi náà ti fìbínú pe ilé iṣẹ́ kan báyìí rí, kí n tó padà ya ẹnu aláìsàn náà lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, tí mo sì rí i pé síkáàn méjèèjì ò bára mu lápá ẹ̀yìn àgbọ̀n. Ọwọ́ mi ni ọ̀ràn náà ti wá.

Dídán tí àwòrán ń dán kò sọ nǹkan kan nípa òótọ́ rẹ̀. Síkánà lè ya gbogbo kòtò kéékèèké orí eyín kan láìfi ọ̀kan sílẹ̀, kó sì tún ṣìnà ní ọgọ́rùn-ún máíkírómítà mélòó kan (1,000 máíkírómítà ló wà nínú mìlímítà kan) láti eyín ẹ̀yìn ọ̀tún dé eyín ẹ̀yìn òsì. Nítorí náà, ààyè tó wà láàárín òpin méjèèjì àgbọ̀n ni mo máa tẹnu mọ́ jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Ibẹ̀ ni àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ti ń já ènìyàn kulẹ̀. Síkánà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ yàwòrán, tí a ń gbé sínú ẹnu, ni mò ń sọ. CBCT, ìyẹn ẹ́síréè 3D tó ń ya egungun, máa yọjú nígbà tó bá yá, ṣùgbọ́n òfin tirẹ̀ yàtọ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: kí là ń pè ní péye?

Òṣùwọ̀n àgbáyé ISO 5725 pín ìpéye sí ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́ ni bí ìwọ̀n náà ṣe sún mọ́ òótọ́ tó. Èkejì ni bí ìwọ̀n náà ṣe ń bá ara rẹ̀ mu tó tí a bá tún un wọ̀n lọ́pọ̀ ìgbà. Aago tó máa ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún yára lójoojúmọ́ kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ ló ń pa. Síkánà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lè yà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jọra, kí gbogbo wọn sì fi ìwọ̀n kan náà fẹ̀ ju ẹnu aláìsàn lọ. Ìdí nìyí tí yíya síkáàn lẹ́ẹ̀mejì nìkan kò fi tó láti fọkàn ẹni balẹ̀. Ó máa fi hàn yín bóyá ọwọ́ yín dúró sójú kan. Kò lè sọ fún yín bóyá ẹ̀rọ yín ń sọ òótọ́. Òṣùwọ̀n mìíràn wà, ISO 20896-1, tó jáde ní 2019, tí wọ́n kọ ní pàtó fún ọ̀nà tí a fi ń dán ìpéye síkánà inú ẹnu wò.

Láti 1971 tí àwọn olùwádìí méjì, McLean àti von Fraunhofer, ti gbé iṣẹ́ wọn jáde, 120 máíkírómítà ni ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí àlàfo tó pọ̀ jù lọ tí a lè gbà láàyè láàárín etí adé eyín (ìbòrí àtọwọ́dá tí a ń dé eyín) àti eyín tó dé. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn, a máa lò ó.

Ìdí tí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ fi le ju tòkè lọ

Ojú síkánà kò gbòòrò. Eyín kan tàbí méjì ló ń rí lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí ẹ ń rí lójú kọ̀ǹpútà jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ègé kéékèèké tí sọ́fítíwíà rán pọ̀, bí aránṣọ ṣe ń rán ègé aṣọ mọ́ra. Yóò wá ibi tí ègé tuntun ti jọ ti ìṣáájú, yóò sì lẹ̀ wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ ń lò lára ọgbọ́n ìṣirò tó ń ṣe èyí ni ICP, tí Besl àti McKay kọ jáde ní 1992. Gbogbo ojú ìrán ló ní àṣìṣe tirẹ̀, kékeré ni, ojú ò lè rí i. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ. Bí síkáàn bá ṣe gùn tó ni àwọn àṣìṣe wọ̀nyẹn ń gorí ara wọn tó, tí àgbọ̀n yóò fi dé òpin pẹ̀lú fífẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí kó fún pọ̀, tàbí kó lọ́ díẹ̀ bí pákó tí oòrùn pa.

Lókè ẹnu, àjà ẹnu wà láàárín. Ó le, kì í mì, ó sì ní ìlà yíyọ-yíyọ tí síkánà lè dì mú láti fi so ọ̀tún pọ̀ mọ́ òsì. Nísàlẹ̀, ahọ́n ló wà láàárín, ahọ́n kì í sì í dúró. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó so ọ̀tún pọ̀ mọ́ òsì ni eyín iwájú ìsàlẹ̀, tó jẹ́ pé àwọn ló tóóró jù nínú gbogbo ẹnu. Ẹ wá fi kún un pé ìsàlẹ̀ ni itọ́ ń sàn lọ, àti pé ẹran abẹ́ ahọ́n ń gòkè sọ̀kalẹ̀ bí aláìsàn bá ti ń gbé itọ́ mì.

Ọ̀kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ máa ń tẹ̀. Bí ènìyàn bá lanu gbàgà, àwọn iṣan tó ń fa àgbọ̀n síwájú máa ń fa apá ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì wọnú díẹ̀, ó sì yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Ìyẹn ni pé ohun tí ẹ ń wọ̀n gan-an ń yí padà bí ẹ ṣe ń wọ̀n ọ́n.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ pinnu ibi tí ẹ máa ya, kí ẹ má sì ya jù bẹ́ẹ̀ lọ

Síkáàn tó kúrú ló máa ń péye jù. Láti 1985 tí Werner Mörmann àti Marco Brandestini ti kọ́kọ́ fi kámẹ́rà inú ẹnu ṣe iṣẹ́ fún aláìsàn ní Zurich, iṣẹ́ eyín kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ yìí ti mọ̀ ọ́n ṣe jù. Bó bá jẹ́ adé eyín kan lẹ fẹ́ ṣe lápá ẹ̀yìn, ẹ ya apá yẹn nìkan, láti eyín tó kẹ́yìn dé eyín iwájú, pẹ̀lú apá òkè tó kọjú sí i àti bí wọ́n ṣe pàdé. Kò sí èrè nínú yíya gbogbo àgbọ̀n torí pé ó dára lójú. Ohun tó ń béèrè gbogbo àgbọ̀n ni ohun tó ń tọ́ eyín sọ́nà, ohun tó ń gba eyín lọ́wọ́ ìrunpọ̀ lóru, eyín àtọwọ́dá, tàbí iṣẹ́ implant (òpó tí a ń rì mọ́ egungun àgbọ̀n dípò gbòǹgbò eyín) tó ti apá kan dé apá kejì. Nínú gbogbo wọn, ti implant yìí ni kò gba gbẹ̀rẹ́. Eyín gidi ní awọ tín-ín-rín yí gbòǹgbò rẹ̀ ká, nǹkan bí 0.2 mm, tó ń jẹ́ kó yẹ̀ díẹ̀ bí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́. Implant kò ní. Àṣìṣe tí eyín gidi á gbà mọ́ra, implant kò ní gbà á.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ̀rọ àti iná

Ẹ kálíbíréètì síkánà bí ìwé ẹ̀rọ náà ṣe là á sílẹ̀, ìyẹn ni pé kí ẹ jẹ́ kó tún òṣùwọ̀n ara rẹ̀ ṣe. Ẹ tún un ṣe bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ láti yàrá kan sí òmíràn, bó bá ṣubú, tàbí bí ooru inú yàrá bá yí padà gan-an. Ẹ jẹ́ kí ẹnu síkánà móoru kí ìrì má bàa bo dígí rẹ̀. Ẹ wo dígí náà lójú: àmì ìhára kan ṣoṣo níbẹ̀ ń wọ inú gbogbo ègé tí ẹ bá yà.

Ẹ pa iná ńlá orí àga. Iná yẹn ń bá iná síkánà jà. Àwọn ẹ̀rọ kan ń fara dà á ju òmíràn lọ, ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tó sunwọ̀n sí i torí pé wọ́n tan iná náà sí i lójú.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹnu aláìsàn

Ẹ má ṣe ní kó lanu gbàgà. Kó là á débi tí ọwọ́ síkánà lè wọlé, kó sì dẹ àgbọ̀n rẹ̀, nítorí títẹ̀ egungun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá ń ya ibi tó gùn, ẹ jẹ́ kó la ẹnu bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá rẹ̀ ẹ́, ẹ dáwọ́ dúró, kó pa ẹnu dé, kó sinmi. Ó sàn ju kó máa là á, kó máa dín in kù nígbà tí ẹ ń yà lọ.

Ẹ fi ohun èlò tó ń ya ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ sọ́tọ̀ mú wọn kúrò lọ́nà. Dígí ọwọ́ kejì ni kí ẹ fi ti ahọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì máa tì í bákan náà. Ọ̀pá tó ń fa itọ́ wà lábẹ́ ahọ́n, òwú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn èyí, afẹ́fẹ́: ẹ fẹ́ eyín gbẹ lápá tí ẹ fẹ́ yà báyìí, kì í ṣe gbogbo ẹnu lẹ́ẹ̀kan, torí kí ẹ tó dé apá kejì, ibẹ̀ á ti tutù padà. Itọ́ tó bo eyín ń tẹ ìtànṣán síbòmíràn, síkánà á sì ya ojú itọ́ náà bíi pé ojú eyín ni. Ibi tó máa ń fara pa jù ni kòtò orí eyín ńláńlá ẹ̀yìn. Bí àwòrán kòtò náà bá yọ̀ mọ̀rọ̀mọ̀rọ̀, tí kò ní ìlà, omi lẹ ń wò.

Irin tó ń kọ mànàmànà lẹ́nu, bí ohun tí wọ́n fi dí eyín, lè tan síkánà jẹ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní kò béèrè lẹ́búlẹ́bú funfun mọ́, ṣùgbọ́n bí ìwé ẹ̀rọ yín bá gbà á láàyè, ìwọ̀n táṣẹ́rẹ́ lórí irin náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kó nípọn. Bó bá nípọn, lẹ́búlẹ́bú náà ni ẹ máa wọ̀n.

Ìgbésẹ̀ 4: Ọ̀nà tí síkánà máa gbà

Èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ní ọ̀nà tirẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ lé e, torí pé bí sọ́fítíwíà náà ṣe ń rán ègé pọ̀ ni wọ́n fi ronú nípa ọ̀nà náà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù fún àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí eyín tó kẹ́yìn lápá kan, níbi tí a fi ń jẹun, kí ẹ gba orí eyín lọ títí dé èyí tó kẹ́yìn lápá kejì. Ẹ wá yí síkánà sí ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, kí ẹ gba ibẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ orí eyín la ti ń bẹ̀rẹ̀? Eyín ẹ̀yìn ní òkè, kòtò àti ìlà púpọ̀. Sọ́fítíwíà rí ohun dì mú. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ojú pẹrẹsẹ tàbí lórí èrìgì, ìpìlẹ̀ gan-an ti ń yọ̀ kí ilé tó dìde.

Ẹ máa rìn jẹ́ẹ́ láìdúró. Ẹni tó bá ń sáré ń dín iye ibi tí ègé méjì fi ń wọ ara wọn kù, ojú ìrán á sì tú. Ẹni tó bá sì dúró sójú kan, tó ń gbọn ọwọ́, ń kó ìdọ̀tí jọ sórí ibi kan náà ni. Ẹ jẹ́ kí àyè tó wà láàárín ẹnu síkánà àti eyín bá ohun tí ìwé ẹ̀rọ sọ mu. Bí síkánà bá pàdánù ibi tó wà, ẹ má wá ọ̀nà níwájú. Ẹ padà sórí eyín ẹ̀yìn tí ẹ ti yà dáadáa, ẹ jẹ́ kó dá a mọ̀, kí ẹ tó máa lọ.

Àṣìṣe kan tí mo máa ń rí lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni pé wọ́n á ya ọ̀tún tán pátápátá, orí, ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí wọ́n tó kọjá sí òsì. Apá méjèèjì á dára lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni wàhálà.

Ìgbésẹ̀ 5: Eyín iwájú, ibi tí afárá ti tóóró

Orí eyín iwájú ìsàlẹ̀ kò ju etí tín-ín-rín lọ. Bí ẹ bá gba orí wọn tààrà bí ẹ ṣe gba orí eyín ẹ̀yìn, ohun tí síkánà á máa rí kò tó nǹkan, ó sì lè fi eyín kan pe òmíràn torí pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọra. Àṣìṣe ìwọ̀n ìgun díẹ̀ níbí á di ìyàtọ̀ ńlá nígbà tí ẹ bá dé eyín tó kẹ́yìn, bí ìlẹ̀kùn tó ń mì díẹ̀ lẹ́bàá ìdè rẹ̀ tí etí rẹ̀ kejì sì ń rìn jìnnà.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti dé ẹ̀gbẹ́ eyín ọ̀gàn, ẹ dín ìrìn kù. Ẹ máa yí síkánà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, kí ẹ yí i padà sí ẹ̀gbẹ́ ètè, eyín kan lẹ́yìn èkejì, bí ejò ṣe ń rìn, títí ẹ ó fi kọjá eyín ọ̀gàn kejì. Báyìí, síkánà á rí etí, ojú àti ẹ̀yìn eyín kọ̀ọ̀kan pa pọ̀. Ẹ jẹ́ kí díẹ̀ lára èrìgì tí kì í mì, èyí tó lẹ̀ mọ́ eyín gan-an, wọ inú àwòrán. Ẹran ètè àti ti abẹ́ ahọ́n kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá wọ̀ ọ́, ẹ gé wọn kúrò lójú ẹsẹ̀, kí sọ́fítíwíà má lọ fi ohun tó ń mì ṣe òpó.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ pa àwọ̀, kí ẹ wò ó

Kí aláìsàn tó dìde, ẹ pa àwọ̀ àwòrán náà kó di eérú lásán. Àwọ̀ ń tan ojú. Ó lè fi ìlà etí eyín hàn yín níbi tí ìrísí rẹ̀ kò sí rárá. Lórí eérú, ẹ wá nǹkan wọ̀nyí: etí eyín iwájú tó dà bíi pé ó jẹ́ méjì, èyí tó túmọ̀ sí pé ojú ìrán ti yẹ̀, ibi tó yọ̀ tí kò yẹ kó yọ̀, àti ihò tí sọ́fítíwíà ti dí fúnra rẹ̀. Ihò dídí yìí ni kí ẹ fura sí jù. Sọ́fítíwíà kò rí ohun tó wà níbẹ̀, ó kàn fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Bó bá wà lórí èrìgì jíjìn, kò ṣe nǹkan. Bó bá wà láàárín eyín méjì níbi tí wọ́n ti fara kanra, tàbí létí ibi tí ẹ gbẹ́ fún adé eyín, ẹ pa á rẹ́ kí ẹ tún ibẹ̀ yà.

Bí ojú ìrán bá ti yẹ̀ níwájú, ẹ má gbìyànjú láti fi síkáàn púpọ̀ sí i bo àṣìṣe náà. Ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ láti ibẹ̀ lọ, tàbí kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ 7: Bí òkè ṣe pàdé ìsàlẹ̀

Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tó péye tí wọ́n gbé sí ibi tí kì í ṣe ààyè rẹ̀ kò wúlò. Ẹ ya ìpàdé eyín ní ọ̀tún àti ní òsì, kí aláìsàn pa eyín pọ̀ bó ṣe máa ń pa á pọ̀, kó má tẹ̀ ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi bébà aláwọ̀ tí a ń gé jẹ wo ibi tí eyín ti kanra lẹ́nu, kí ẹ fi wé ibi tí kọ̀ǹpútà sọ. Bí kọ̀ǹpútà bá ní ọ̀tún wọnú ara wọn, tí òsì sì ṣí sílẹ̀, tí bébà sì ní méjèèjì kanra, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ síkáàn ìpàdé ló fì sápá kan, ó sì tún lè jẹ́ pé àgbọ̀n fúnra rẹ̀ ló lọ́. Ìgbésẹ̀ tó kàn ló máa fi ìyàtọ̀ hàn.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ dán ẹ̀rọ àti ọwọ́ yín wò

Èyí kì í ṣe lójoojúmọ́. Ẹ máa ṣe é nígbà tí ẹ̀rọ bá jẹ́ tuntun, lẹ́yìn àtúnṣe sọ́fítíwíà, nígbà tí ẹni tuntun bá ń kọ́ṣẹ́, àti nígbàkígbà tí iṣẹ́ bá ń padà wá pẹ̀lú ẹ̀sùn kan náà.

Ẹ wá àwòṣe àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tí a fi POP líle ṣe. Ẹ lẹ bọ́ọ̀lù kékeré mẹ́rin tí kì í dán mọ́ ọn gbọn-in: ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín tó kẹ́yìn lápá kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín ọ̀gàn kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi káálípà oníná, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn fífẹ̀ nǹkan, wọn láti etí òde bọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ọ̀tún dé etí òde ti òsì. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹ wá ìpíndọ́gba. Òótọ́ yín nìyẹn fún ìdánwò yìí. Ẹ wọn ti eyín ọ̀gàn náà, àti láti ẹ̀yìn ọ̀tún sí ọ̀gàn òsì. Kí ẹ wá ya àwòṣe náà lẹ́ẹ̀marùn-ún pẹ̀lú síkánà, kí ẹ pa èyí tí ẹ ti yà tì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, kí ẹ sì wọn ààyè kan náà lórí kọ̀ǹpútà.

Ká ní káálípà sọ 48.32 mm fún ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn. Ká ní síkáàn márààrún sọ 48.41, 48.36, 48.45, 48.39 àti 48.44. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 48.41. Ẹ yọ 48.32 kúrò, ó ku 0.09 mm, ìyẹn 90 máíkírómítà. Síkánà yín ń fẹ àgbọ̀n ju bó ṣe yẹ lọ. Láti èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù náà jẹ́ 0.09 mm, èyí sì ń sọ fún yín bí ọwọ́ ṣe ń yẹ̀ tó. Fún ohun tó ń gba eyín lọ́wọ́ ìrunpọ̀, ẹ lè máa bá iṣẹ́ lọ. Fún ọ̀pá irin tó máa so implant mẹ́fà pọ̀, n kò ní fọwọ́ sí i. Ẹ rántí 120 tá a sọ lẹ́ẹ̀kan: ìyẹn wà fún gbogbo ìrìn àjò iṣẹ́ náà dé òpin. Bí síkáàn nìkan bá ti jẹ 90 nínú rẹ̀, kí ló kù fún ẹni tó máa gé e?

Bí ti eyín ọ̀gàn sí eyín ọ̀gàn bá péye ṣùgbọ́n tí ti ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn ṣìnà, àṣìṣe ń pọ̀ bí síkáàn ṣe ń gùn, kò sì yani lẹ́nu. Bí ti ọ̀gàn pàápàá bá ṣìnà, ẹ padà sí Ìgbésẹ̀ 5. Bí gbogbo rẹ̀ bá tóbi tàbí kéré ní ìdá kan náà, kálíbíréṣọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ kíyè sí i pé àwòṣe fúnra rẹ̀ la wọ̀n, kì í ṣe ẹnu tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde. POP líle máa ń wú díẹ̀ bó bá ń gan. Kódà ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún, lórí 50 mm, ti di 50 máíkírómítà. Ẹni tó bá fi àwòṣe POP dá síkáàn ẹnu lẹ́bi ń fi olè mú olè. Àti pé àwòṣe kì í mì, kò nítọ́, kò láhọ́n. Èsì tí ẹ bá rí lórí rẹ̀ ló dára jù tí ọwọ́ yín lè ṣe. Ti ẹnu gidi kò ní sàn jù bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 9: Gbígbé síkáàn méjì lé ara

Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà lè gbé síkáàn kan lé òmíràn kó fi àwọ̀ hàn ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Ó wúlò, àmọ́ ó ní ẹ̀tàn kan nínú. Bí ẹ bá ní kó bá gbogbo ojú méjèèjì mu bó bá ṣe lè ṣeé ṣe tó, yóò pín àṣìṣe náà káàkiri. Àgbọ̀n tó fẹ̀ jù ní 200 máíkírómítà lápá kan á wá dà bíi pé ó ṣìnà díẹ̀díẹ̀ níbi gbogbo, gbogbo rẹ̀ á máa hàn ní àwọ̀ ewé tútù, ọkàn yín á sì balẹ̀ lásán. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń yan eyín méjì tó kẹ́yìn lápá ibi tí síkáàn ti bẹ̀rẹ̀, mo ń fi àwọn nìkan so méjèèjì pọ̀, lẹ́yìn náà ni mo ń wo òpin kejì. Bí àṣìṣe bá wà, ibẹ̀ ló máa kó jọ sí.

Bí eyín kò bá sí lẹ́nu

Orí èrìgì tí kò léyín yọ̀, ó jọra, ìsàlẹ̀ sì ni ẹran tí kì í mì ti kéré jù. Síkánà kò rí nǹkan dì mú. Bó bá jẹ́ implant ló wà níbẹ̀, àwọn òpó tí a ń dè mọ́ wọn fún síkáàn jọra wọn bí ìbejì, ojú gbọọrọ sì wà láàárín wọn. Ẹ fi ohun tó ní ìrísí tó yàtọ̀ síra sáàárín àwọn òpó náà, tàbí kí ẹ so wọ́n pọ̀ lọ́nà tí ẹ̀rọ yín fàyè gbà, kí síkánà lè rí àmì láti òpó kan dé òmíràn. Ẹ rí i dájú pé òpó kọ̀ọ̀kan jókòó délẹ̀ kí ẹ tó yà; itọ́ tàbí ẹran díẹ̀ tó há sábẹ́ rẹ̀ ti tó láti gbé e sókè. Ọ̀nà mìíràn tún wà, fọtogírámẹ́tírì, tí kámẹ́rà ti ń ka àmì orí gbogbo òpó láti òde ẹnu láìrán ègé pọ̀. Fún àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tó ní implant láti ọ̀tún dé òsì, ẹni tó bá ní in kó lò ó. Ẹni tí kò ní in, kó fi ọ̀pá ìdánwò yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu kí wọ́n tó gé irin gidi.

Tí CBCT bá wọ̀ ọ́

CBCT wọ iṣẹ́ eyín ní nǹkan bí 1998, nígbà tí Mozzo àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì kọ nípa ẹ̀rọ NewTom 9000. Òun ló ń fi iṣan tó ń gba inú egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ kọjá hàn wá, èyí tó ń fún ètè ìsàlẹ̀ ní ìmọ̀lára. Àwòrán rẹ̀ jẹ́ àkójọ àpótí kéékèèké tí wọ́n ń pè ní voxel. Àpótí tó fẹ̀ ní 0.2 mm kò túmọ̀ sí pé ìwọ̀n yín péye dé 0.2 mm. Bí aláìsàn bá mirí, bí irin ẹnu rẹ̀ bá ń da ìlà kiri, ìwọ̀n náà ti bàjẹ́, bó ti wù kí àpótí kéré tó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi 2 mm sílẹ̀ láàárín orí implant àti ọ̀nà iṣan náà. Ẹ má ṣe ná 2 mm yẹn torí pé àwòrán mọ́lẹ̀ rekete.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé síkáàn ẹnu lé CBCT, ẹ jẹ́ kí aláìsàn ya eyín òkè àti ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀ díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ya CBCT, kí orí eyín lè hàn. Ẹ yan àmì lórí eyín mẹ́ta tó jìnnà síra, ọ̀kan níwájú, méjì lẹ́yìn lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ sì sá fún èyí tó ní irin. Ẹ wá wo ìlà etí eyín ní gbogbo apá, kì í ṣe ibi tí ẹ yan nìkan. Kò sì sí ìdí láti tún CBCT yà torí ìdánwò lásán, ẹ́síréè ni.

Lẹ́yìn síkáàn

Fáìlì STL, irú fáìlì tí a fi ń gbé ìrísí 3D láti sọ́fítíwíà kan sí òmíràn, tó ti wà láti 1987, kò ní àwọ̀, kò sì sọ bóyá mìlímítà ni tàbí íńṣì. Bí àgbọ̀n bá wọlé sí sọ́fítíwíà kejì tó tóbi tàbí tó kéré ní ìlọ́po 25.4, síkáàn kọ́ ló bàjẹ́, ẹ yan mìlímítà.

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ àwòṣe náà jáde ní 3D, ẹ má ṣe tẹ àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ní ìrísí pátákò ẹṣin lásán. Ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì máa ń lọ́ nígbà tí wọ́n bá ń fi iná gan an. Ẹ fi ọ̀pá kan so ẹ̀yìn ọ̀tún mọ́ ti òsì kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bó bá ti jáde, ẹ gbé káálípà, kí ẹ wọn ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn, kí ẹ fi wé ohun tí kọ̀ǹpútà sọ. Bí méjèèjì bá yàtọ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni kí ẹ lọ bá, ẹ fi síkáàn sílẹ̀.